Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Lọ Gba Ọpọ́n Ayò Rẹ̀

Àbúrò bàbá mi wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá àgbà, tó jẹ́ ìyá òun àti bàbá mi, kò gbójú kúrò lára iṣu tó ń yí lórí ẹyín iná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti rí i. Òórùn iṣu sísun ti gba gbogbo àgbàlá wa ní Koko, àdúgbò wa ní Bouaké, ẹnìkan ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé, àbúrò bàbá mi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó jókòó. Àárọ̀ ló ti gbé ọpọ́n ayò há abíyá jáde. Ní báyìí, kò sí nǹkan kan ní abíyá rẹ̀.

"Ọpọ́n mi dà?" ni Ìyá àgbà bi í.

Ó ní ó wà lọ́wọ́ bàbá oníṣu.

Ìyá àgbà yí iṣu sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò pariwo. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé obìnrin tó lè dúró lọ́jà kó fi ohùn pe ọmọ délé ni. Bí irú wọn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti burú.

Ọpọ́n yẹn kì í ṣe ọpọ́n lásán. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Igi rẹ̀ ti dúdú, ara rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ àwọn tó ti ta ayò lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni bàbá náà ti kọ́ ọ láyò nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, torí pé kò bí ọmọkùnrin kankan tó lè jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí Ìyá àgbà ń tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ bọ̀ wá sí Bouaké, ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó fi ẹní sílẹ̀, ó sì di ọpọ́n náà mọ́ ẹrù. Bó bá ti palẹ̀ abọ́ tánganran tó ń tà lọ́jà mọ́, tó sì ti kírun, òun àti èmi á jókòó sídìí rẹ̀. Ọmọ ayò á máa dún kó, kó, kó nínú ihò, Ìyá àgbà á sì máa sọ̀rọ̀.

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ràn jù. Láràárọ̀, kó tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rélùwéè lọ, níbi tí àwọn èrò Abidjan ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í wọkọ̀, kì í ra ọjà níbẹ̀. Ìròyìn ló ń lọ gbà. Á bi àwọn èrò bí òjò bá ti rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, á bi wọ́n bóyá Kòmáńdà tuntun, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, sanra àbí ó rù, á béèrè ta ló kú, ta ló gbéyàwó. Bó ṣe ń kó ti òní jọ ló ń kó ti àtijọ́ jọ. Ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọ Koko. Ó mọ ilé tí wọ́n kọ́ lé kànga lórí, ó sì mọ ohun tí àwọn ará Marabadiassa jẹ lọ́dún tí eéṣú jẹ oko wọn. Kò sí èyí tó wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a kò fẹ́ gbọ́.

Bí ọpọ́n ṣe bọ́ sọ́nù nìyí. Bàbá oníṣu yẹn, Baulé ni, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀, ará Djébonoua. Ọjọ́ ọjà ló máa ń bá ọkọ̀ akẹ́rù wá. Tó bá ti ta iṣu rẹ̀ tán, á jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, á sì máa na àwọn ọkùnrin wa láyò. Àwọn Baulé náà ń ta á, awalé ni wọ́n ń pè é, ihò kan náà, òfin kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tiwa kò lè ta ayò láìfọ́nnu. Ọ̀ta ni mí, ọ̀gá ayò, ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ́, n ó nà ọ́ títí o fi máa gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa wí títí. Bàbá oníṣu kì í fèsì. Á fa aáṣà símú, á fi ojú ka ọmọ ayò, á ta. Àwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa tiwa níbẹ̀, ń fi ẹnu jẹ, òun ń fi ọwọ́ jẹ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó na àbúrò bàbá mi tán, ló bá la ẹnu tí kì í là. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Ó ní ọwọ́ àwọn Baulé ni àwọn Anago ti kọ́ awalé nígbà tí wọ́n dé, ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ kò lè mọ̀ ọ́n tó àwọn tó ni ín. Inú bí àbúrò bàbá mi. Ó ní wọ́n ti ń ta ayò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Djébonoua, ó ní kí àwọn tún un ta, bí bàbá bá tún borí, kó máa gbé ọpọ́n lọ. Bàbá tún borí, ó sì gbé ọpọ́n lọ.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. "O wá fi ohun tí kì í ṣe tìẹ fọ́nnu," ló wí.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àáfà àdúgbò. Àáfà ní tẹ́tẹ́ ni wọ́n ta, òun kò sì ní dá ẹjọ́ tẹ́tẹ́ àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ kí òun na àwọn méjèèjì. Bàbá mi ní òun á lọ bẹ bàbá oníṣu. Ìyá àgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ayò ló fi gbé e lọ, ayò ni òun náà á fi gbà á. A mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n obìnrin kì í jókòó lórí ẹní àwọn ọkùnrin lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Àbúrò bàbá mi, ẹni tó yẹ kó ti dákẹ́ títí ọdún á fi yí po, ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá òun ló ń gbèjà òun. Ìyá àgbà bi í bóyá wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Kò lọ sábẹ́ máńgòrò. Ó ránṣẹ́ sí bàbá oníṣu ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e pé kó gbé ọpọ́n wá sí ìsọ̀ òun. Ó ní ọkùnrin tó bá jókòó níwájú ìsọ̀ òun, oníbàárà ni, òun kò sì tíì rí ẹni tó máa bá obìnrin jà pé ó dá oníbàárà lóhùn. Bàbá oníṣu wá. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọpọ́n wa wà lórí èjìká rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń jókòó lábẹ́ máńgòrò sì tẹ̀ lé e, Baulé, Júlà àti Anago.

Èdè Júlà, tí gbogbo ọjà ń sọ, ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ní Mùsùlùmí ni òun, òun kì í ta tẹ́tẹ́. Bí òun bá borí, kí bàbá dá ọpọ́n ọlọ́pọ́n padà, torí pé ẹni tó fi í lélẹ̀ kọ́ ló ni ín. Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá nà, á dìde lójú ọjà, á kéde fún gbogbo ayé pé àwọn èèyàn ẹnì kejì ló ni ayò, pé ọwọ́ wọn ni àwọn èèyàn tòun ti kọ́ ọ. Ìyá àgbà ní òun gbà. Ọpọ́n nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ mọ́. Bó bá fìdí rẹmi, òun, ọmọ ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n yẹn, ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá òun lọ kọ́ ayò ní Djébonoua.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀, Ìyá àgbà náà kò sọ̀rọ̀. Eruku ọyẹ́ ń fẹ́, abọ́ tánganran ń kan ara wọn lórí ìsọ̀. Bàbá jẹ, ó tún jẹ. Ó sì ń kó ọmọ ayò jọ sí ihò kan lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń kọ́ odù. Ẹni tó bá mọ ayò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí odù bá pọ̀ tó, á tú u, á fi yí ọpọ́n po, á sì kó gbogbo ohun tó wà nílé ẹnì kejì jẹ. Àbúrò bàbá mi kọjú sẹ́yìn, kò fẹ́ rí i.

Ìgbà yẹn ni Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ó ní ṣé bàbá ti gbọ́ ohun tí àwọn èrò rélùwéè sọ láàárọ̀? Erin kan dúró lójú irin nínú igbó. Awakọ̀ fun fèrè, erin kò mira. Ó tún un fun, erin kọjú sí ọkọ̀. Ni òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà dá ìròyìn dúró sí, ó ń wo ọpọ́n.

Bàbá gbójú sókè. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí láàárín ayò.

"Kí ni òyìnbó wá ṣe?"

"Ẹ̀yin ló kàn. Ẹ ta ná."

Bàbá yára ta. Ìyá àgbà fi sùúrù jẹ ọmọ mẹ́ta, ó ní ọ̀rọ̀ náà rán òun létí sójà tó dá àwọn dúró ní bọ́dà nígbà tí àwọn ń bọ̀ láti ilé. Sójà náà tú ẹrù, ó bá ọpọ́n yìí gan-an níbẹ̀. Ó wo ihò rẹ̀ títí, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ohun tí wọ́n fi ń rọ ọta ìbọn ni. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó ń gbóòórùn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tún dákẹ́. Àwọn tó yí wa ká kò lè mú un mọ́ra. Àwọn Baulé tó bá bàbá wá gan-an ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó ta, kí obìnrin yìí lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Odù bàbá ti tó tú wàyí. Ó tẹ orí ba, ètè rẹ̀ ń mira, ó ń ka ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Ìyá àgbà ń tún gèlè rẹ̀ wé. Ó fi ohùn kékeré sọ ọ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, pé òyìnbó náà wá bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ó bọ́ bàtà?" ni ẹnìkan wí láàárín èrò. "Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe fún erin?"

Kíkà bàbá dàrú. Mo rí i tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo rí i tó tún ṣìnà, gbogbo ọjà sì ń kígbe pé kó ta. Ló bá kó odù, ó ń ta á lọ, kó, kó, kó, ó yí ọpọ́n po, ọmọ ìkẹyìn sì bọ́ sínú ilé òun fúnra rẹ̀. Kò jẹ ẹyọ kan. Nǹkan tó kó jọ látàárọ̀ ti fọ́n káàkiri, méjì níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún.

Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀ mọ́ wàyí. Ó kó ihò kan, ó ta á, ó jẹ ilé mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Bàbá ta, Ìyá àgbà tún jẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ọmọ ayò ti kún itan rẹ̀. Àwọn Anago bú sẹ́kún ayọ̀, àwọn Júlà ń pàtẹ́wọ́, èmi ń fò sókè láàárín abọ́ tí mo mọ̀ pé wọ́n máa nà mí bí mo bá fọ́ ọ.

"Ẹnu lẹ fi nà mí," ni bàbá oníṣu wí.

"Ọwọ́ mi ni mo fi ta tèmi," ni Ìyá àgbà fèsì. "Ẹ̀yin lẹ fi etí ta tiyín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí aáṣà fi dà sára rẹ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ bàtà. Ìyá àgbà ní igi ni òyìnbó fẹ́ gùn. Ìgbà tó fi máa dé orí igi, erin ti bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá sójà ńkọ́? Ó ní ọ̀gá sójà ní kí àwọn ta á kí òun rí i, ìdí ayò yẹn ni àwọn sì sùn sí lọ́jọ́ náà.

Bàbá oníṣu dìde láti san ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó gbé ọpọ́n sókè lójú ọjà, ó ké sí gbogbo èèyàn, ó ní kí wọ́n gbọ́, ìyá Anago yìí ti na òun. Ó wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kù, pé àwọn Anago ló ni ayò. Àbúrò bàbá mi ti sún mọ́ iwájú pẹ̀lú àyà gbígbéga, torí èyí ló ń retí. Ìyá àgbà na ọwọ́, ó gba ọpọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹni tó borí lónìí, gbogbo wa la rí i. Ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sára igi, èmi ò sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀."

Inú àbúrò bàbá mi kò dùn sí i títí tó fi kú. Ní tèmi, kò sí ohun tí mo jogún tó wúlò fún mi ju ọ̀rọ̀ Ìyá àgbà yẹn lọ. Mo di ìyàwó, mo di ìyá, mo ti di ìyá àgbà báyìí. Mo ṣì ń ta ayò, mo ṣì ń kó ìròyìn jọ bí ẹni tó ń ṣa igi ìdáná, àwọn ọmọ mi sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jiyàn nípa ẹni tó ni ìlú, ẹni tó ni ọ̀nà, ẹni tó kọ́kọ́ dé. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń bínú sí mi.

Ẹ má bi mí ta ló kọ́kọ́ ta ayò láyé yìí, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ìyá àgbà mi na bàbá oníṣu lójú ọjà ní Bouaké, tó gbé ọpọ́n bàbá rẹ̀ lé orí rù ú lọ sílé, tí àwọn ọkùnrin sì ń yà fún un lọ́nà, ẹ wá bi mí. Mo wà níbẹ̀.