Ìrókò Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ti Dákẹ́

Yéè! Bàbá o, ó wá dìgbà! Ìrókò ẹ̀yìnkùlé yín dákẹ́ rọ́rọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n sọ fún òun náà.

Bàbá àgbà mi, àgbẹ̀ kajú, tí iṣu yín kan ń yó gbogbo ìlú wa Kaboua! Ọdẹ tí ẹran ń kí kó tó kú! Ẹ mọ èmi ọmọ-ọmọ yín, mo lè sọ eṣinṣin di erin. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ọ̀gá Onírọ́. Ṣùgbọ́n eléyìí, n kò fi iyọ̀ sí i.

Lọ́dọọdún, tí kajú bá ń pọ́n, tí àwọn àdán bá ti ìrìn àjò wọn dé, tí wọ́n bo ojú ọ̀run bí èéfín iná ìgbẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń dúró lábẹ́ ìrókò kí wọn: "Ẹ kú ìrìn o! Ta ló kù sọ́nà?" Wọn a pariwo títí etí á fi fẹ́ já. Àwa a máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, wọ́n dé, ẹ kí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n kàn so rọ̀, wọ́n ń wò wá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, pọ̀, pọ̀, bí kajú tó pọ́n jù. Kò sẹ́ni tó ta kànnàkànnà, kò sẹ́ni tó yìnbọn. Àwa ọmọdé ti dáná tí a fẹ́ fi sun wọ́n jẹ. Ọwọ́ mi ku díẹ̀ kó kan ọ̀kan, lẹ bá lọgun: "Ọ̀gá Onírọ́! Ilé wa kì í jẹ ẹran tí kò sá fún èèyàn. Bí ọwọ́ yẹn bá kàn án, màá gé e fún ajá!"

Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ fúnra yín kó wọn, ẹ sin wọ́n. Ìyá àgbà ní kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́. Ẹ kọ̀. Ẹ ní àlejò yín ni wọ́n, ẹ ò lè fi ọ̀rá sin àlejò.

Lẹ́yìn náà ni ibà dé, tó gbé yín lọ. Títí di òní, àwọn dókítà ò tíì lè sọ bóyá àdán ló fà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó sin yín wọ funfun, a ò rí ojú wọn, ọ̀rá sì bo ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. A ò wẹ̀ yín, Bàbá. A ò fọwọ́ kàn yín.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ ni gbogbo àdán náà lọ.

Bí wọ́n bá padà, èmi ni n ó kí wọn, láti òkèèrè. N ó bi wọ́n pé ta ló kù sọ́nà. Bí wọ́n bá dárúkọ yín, n ó ní òótọ́ ni.

Gbogbo àwa tí a dáná lọ́jọ́ náà la jókòó síbí, láàyè. Ọwọ́ tí ẹ ní ẹ ó gé fún ajá ló kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sùn re o, Bàbá.