Òkè Ìwin Tó Jọ Àkìtàn

Ìdí tábìlì oúnjẹ wa ní Ẹgàn l'Ékòó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀, ó pe màmá wa jáde láti yàrá, ó ní kí wọ́n wá wo ayé tí òun ń dá. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jọ ń ṣe géèmù kan, níbi tí ọdẹbìnrin kan ti ń bá ìwin jà kiri ilẹ̀ tí ẹnì kankan ò tẹ̀ rí. Orin ń dún lábẹ́lẹ̀. Kùrukùru ká kúrò, òkè gàgàrà kan yọ. Ó ní Òkè Ìwin nìyẹn, ibi mímọ́ tí gbogbo ìtàn náà dá lé. Màmá sún awò ojú wọn sókè, wọ́n wò ó títí.

"Ṣé àkìtàn Ìgàndò nìyí?"

Háà! Ẹ̀rín pa mí. Mo rín in títí mo fi di tábìlì mú, omi ń bọ́ lójú mi, nítorí ohun tí mo ti rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni Màmá kàn là mọ́lẹ̀ yẹn. Òkè náà ní ìlà-ìlà lára: pupa, dúdú, àwọ̀ eérú, pupa mìíràn. Àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọ̀rá piọ wọ́tà. Ẹyẹ ń fò yí orí rẹ̀ ká. Ó ku kí típà kan gùn ún kó wá da ìdọ̀tí sílẹ̀.

Àbúrò mi fajú ro. Màmá ò sì rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n jókòó.

"Olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bá ẹ wá àyè sí ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí ẹ. Kí Sọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀ tó kọjá, jẹ́ kí n rí iṣẹ́ nínú nǹkan yìí. Bí mi ò bá rí i, o ń lọ nìyẹn."

Kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n lọ táì rẹ̀ kan, wọ́n fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kó máa rí i tó bá ń wọlé àti tó bá ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí èmi jẹ́. Jìọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, ìyẹn ìmọ̀ nípa òkúta àti bí ilẹ̀ ṣe di ilẹ̀. Mo wá ń bá àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún, èmi ni mo ń sọ fún wọn ibi tí omi lè wà. Ẹni tó fẹ́ràn òkúta bíi tèmi tó wá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, apẹja tó kọ́lé sórí òkè ni. Kò sí òkúta níbí! Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ títí, yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ máa kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà iyanrìn, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà iyanrìn mìíràn. Ẹ máa rí omi, ẹ máa fa ẹ̀rọ yín jáde, ẹ máa relé, òkúta ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ yín ò lè tó láéláé. Gbogbo òkúta tó wà ládùúgbò wa, típà ló gbé e wá.

Àbúrò mi bínú sí mi, kò fẹnu kan ọbẹ̀ mi. Nígbà tí ebi àti ẹ̀rù Mọ́ńdè pa pọ̀ mú un, ó wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Àǹtí mi," ó ní, "kí ló ń ṣe òkè mi gan-an?"

"Kí ni kò ṣe é? Jókòó."

Mo gba máúsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ayé náà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí mo fi rí odò kan tó ń gun òkè. Kì í ṣe pé ó ń ṣàn sísàlẹ̀ o, ó ń gun òkè lọ bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pín nǹkan lókè. Nígbà tó dé orí ibẹ̀, ó pín sí méjì, ọ̀kan yà sí ọ̀tún, ọ̀kan yà sí òsì. Mo bi í pé ta ló ń tì í. Ó ní ìlú wà lápá méjèèjì, àwọn ará ibẹ̀ sì nílò omi.

Mo wá rìn dé ìdí òkè. Òkúta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n jẹ́ eléérú, wọ́n mú ṣóńṣó, gbogbo wọn fẹ́ẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ara wọn, wọ́n sì kóra jọ ní òkìtì-òkìtì sórí iyanrìn. Mo wò ó. Mo tún un wò.

"Níbo lo ti rí òkúta tó rí báyìí?"

"Àǹtí mi, òkúta ni. Báwo ni òkúta ṣe tún ń rí?"

Àṣé òkìtì gíránáìtì ló yà! Iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, òkìtì gíránáìtì tí wọ́n fi ń po kọnkéré ló sì ń gùn ṣeré nígbà tí ilé ìwé bá parí. Òkúta kan ṣoṣo tójú rẹ̀ rí nìyẹn láyé rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì náà, ọmọ Ìdímù ni ọ̀kan, ọmọ Ìgàndò ni èkejì. Òkè wá ńkọ́? Òkè kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó máa ń rí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò, tí èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Ọmọ náà ò parọ́ rárá, ohun tójú rẹ̀ rí lọwọ́ rẹ̀ yà. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ju ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Háà, a ti kó ìwin lọ gbé orí àkìtàn!"

"Ẹ tún da gíránáìtì sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa kọ́ ilé alájà mẹ́ta."

Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó wá kí òkúta gidi ná. Mo lọ gbé ọlọ Màmá wá láti kíṣìnì, mo da omi sí i, mo ní kó tẹjú mọ́ ọn dáadáa lójú oòrùn. Ó rí àwọn ẹyọ funfun inú rẹ̀, ó rí àwọn aláwọ̀ ẹran, ó rí àwọn dúdú wínníwínní tó ń dán. Mo ní òkúta gbígbóná ló fara balẹ̀ tutù lábẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn fi ráyè dàgbà. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí.

"Ta ló gbé ọlọ mi o?" Màmá pariwo láti kíṣìnì. A sáré dá a padà.

Mo kọ́ ọ bí àpáta ṣe ń di àpáta. Pé kì í ṣe pé ẹnì kan kó o jọ. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, òjò ló ń gbá yẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún títí orí rẹ̀ fi yọ síta. Oòrùn á wá máa ṣí awọ rẹ̀ kúrò ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, ìdí nìyẹn tó fi ń rí róbótó. Ó pa Òkè Ìwin rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo lórí fóònù pé iṣẹ́ oṣù mélòó kan ti wọmi. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n òun ti fi ọlọ ṣàlàyé.

A jà gan-an o. Ó fẹ́ kí òkè oníná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, nítorí pé iná àti omi dára lójú. Mo ní kí ó sọ fún mi ohun tó gbé iná débẹ̀. Mo ní odò ò gbọdọ̀ gun òkè mọ́.

"Àǹtí mi, géèmù ni! Ìwin ló ń gbé ibẹ̀!"

"Ìwin ò ní mumi ni?"

Ó gba máúsì padà, ó darí odò náà sísàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ibi tí a bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bèèrè pé báwo ni omi ṣe débẹ̀.

Àmọ́ ìwin ò fojúure hàn sí èmi o. Bí mo bá ti rí bèbè odò tó ya lulẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dúró wo inú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ti ń mọ ìtàn ilẹ̀. Mo bá ní kí ọdẹbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀, kó fi idà rẹ̀ lu òkúta kó fọ́, kí n rí inú rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn òkúta máa ń parọ́. Bí mo ṣe ń wo yangí lọ́wọ́ ni ìwin olórí méjì máa ń yọ lẹ́yìn mi. Mo kú sídìí yangí. Mo kú sẹ́nu ihò. Mo kú nígbà tí mò ń fi ìka ka ìpele iyanrìn. Àbúrò mi á máa yí gbiri nílẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ sá! Ẹ fi òkúta sílẹ̀!"

"Jẹ́ kó dúró, mo ń ṣiṣẹ́!"

Ọjọ́ tí a ṣí omi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di ariwo. A ti to àwọn àpáta tán, a ti la ojú odò láti òkè lọ sí òkun, ó ní kí òjò rọ̀ kí a wò ó. Òjò rọ̀. Omi bọ́ lára àpáta, ó kóra jọ, ó ṣàn tìlù-tìfọn, ó wọ ààfin ọba lọ tààrà! Ó gbé àga ọba, ó gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ tọ̀kọ̀tọ̀kọ̀, gbogbo wọn ń léfòó lọ sókun.

"Ojú àgbàrá lo kọ́ ààfin sí!" mo pariwo. "Ọba ẹ ò lẹ́nì kan tó lè gbà á nímọ̀ràn ni?"

"Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ni mo rò!"

Bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń wí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè nínú ilé, èmi àgbàlagbà. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, mi ò tíì láyọ̀ òkúta tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín tán tó bá jáde sí pálọ̀, mo máa ń rí i tó dúró díẹ̀ níwájú táì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí fún un. Mo mọ̀ pé tó bá wọ ọ́fíìsì yẹn ní Mọ́ńdè, kò ní jáde mọ́.

Sọ́ńdè dé. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun, Màmá pààrọ̀ aṣọ, wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Àbúrò mi di máúsì mú. Òjò ń rọ̀ nínú géèmù náà, ọdẹbìnrin dúró sí ìdí àpáta ńlá kan tó rí róbótó, tó dán fún omi. Màmá sún awò ojú wọn sókè, wọ́n wò ó.

"Yà sọ́wọ́ òsì," wọ́n wí.

Ó yà.

"Máa lọ. Omi yẹ kó wà lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn."

Ọdẹbìnrin yí ìdí àpáta po. Omi wà níbẹ̀, ó ń sun jáde lábẹ́ òkúta, ewé tutù yí i ká. Màmá tẹ̀ síwájú lórí àga. Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta pọ̀ sí, ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí kí ọkọ tó gbé wọn wá sí Èkó.

"Ta ló sọ fún ẹ pé omi máa ń wà níbẹ̀?"

"Àǹtí mi ni, mà."

Mo ní tí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, kò ríbi wọ̀, yóò ṣàn sí ìdí rẹ̀, yóò rì sínú yẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa sun jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màmá wí. "Ibẹ̀ la ti ń pọnmi."

Ìwin kan fò jáde lẹ́yìn igi. Àbúrò mi fa idà yọ, ó fẹ́ fi ìjà tó dára jù hàn wọ́n.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ jàre! Gun òkè. Má sáré, àpáta máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò."

Ó fi ìwin sílẹ̀, ó gun àpáta náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lóòótọ́, ìwin ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó dórí rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́ sílẹ̀ lọ réré, àpáta mìíràn níbí, àpáta mìíràn lọ́hùn-ún, odò láàárín wọn.

"Àpáta tó tẹ́jú báyìí, kò sí ẹni tó sá láfún sí i? Òfò gbáà! Ìlú wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Mi ò tíì ṣe ìyẹn, mà."

"Ìgbà wo lo máa ṣe é?"

Àbúrò mi wo ojú mi. Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Màmá dìde, wọ́n wá fóònù wọn lábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n pe bàbá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó rẹ̀, wọ́n kí àwọn ọmọ.

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ọ̀la yẹn ni, sà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò ní lè wá mọ́."

Bàbá náà bèèrè nǹkan kan. Màmá wo àbúrò mi, wọ́n wo láptọ́ọ̀pù.

"Rárá o, sà. Ara ẹ̀ yá. Iṣẹ́ ló ń ṣe."