Gbogbo Ohun Tí Àǹtí Bá Fún Ẹ, Fi Sétí

Nínú gbogbo bàbá tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé ní Ìsọlọ̀, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Àwọn tó kù á kàn já ọmọ sílẹ̀ ní géètì bí ẹni ń já ẹrù sílẹ̀, wọn á yí ọ̀kadà padà, ó di ọ̀sán. Èmi, n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi, n ó tún kọ́là aṣọ ẹ̀ ṣe, n ó nu imú ẹ̀, n ó sì wàásù fún un. Ìwàásù mi kì í gùn.

"Gbogbo ohun tí àǹtí bá fún ẹ, fi sétí. Má jẹ́ kó jábọ́."

Á ní, "Yẹ̀sà." Ó parí nìyẹn.

Panẹbítà ni mí, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Àjàó Estate. Ọkọ̀ tó bá forí sọ ògiri, tí ẹni tó ni ín ń sunkún, tó bá máa fi kúrò lọ́wọ́ mi, ògiri gan-an ò ní dá a mọ̀ mọ́. Ìwé mi ò pọ̀. Piráímárì mẹ́ta ni mo kà nílùú wa l'Ọ́ṣun kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta tí mo kà yẹn, mo kà á dénú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àbíkẹ́yìn mi, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, sí jẹ́lé-ó-sinmi tó dáa, tí wọ́n ti ń fi góòlù àti pupa kun ògiri. Ọmọ yẹn gbọ́n. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó dáa, torí pé èmi ni mo bí i ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe parí ìwàásù, àǹtí tó ń kọ́ wọn dá mi dúró. Ọ̀dọ́bìnrin ni, kò lágbára ohùn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ kì í wolẹ̀.

"Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Màmá fẹ́ rí yín ní ọ́fíìsì."

Ìyá tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Màmá. Inú mi dùn. Mo ti bá wọn na irin tí àwọn ọmọ fi ń yọ̀ ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni. Mo gbé àyà síta wọlé. Àǹtí mú ọmọ mi tẹ̀lé mi, ó gbé e jókòó lórí àga kan.

Màmá ní, "Dádì, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni."

"Mo mọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún mi ládúgbò pé ó gbọ́n."

Màmá wo àǹtí. Àǹtí ní, "Dádì, kì í dáhùn mọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n dìde, á jókòó. Tí mo bá ní kí wọ́n jókòó, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tí àwọn yòókù bá ń kọrin, á máa wo ẹnu wọn. Ó ti ń dá jókòó, sà. Lánàá, wọ́n ń ṣeré, òun ń sunkún ní kọ̀rọ̀."

Màmá wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "A rò pé iṣẹ́ kíláàsì yẹn ti pọ̀ jù fún un. A fẹ́ dá a padà sọ́dọ̀ àwọn kékeré."

"Àwọn kékeré wo?"

"Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná."

"Àwọn tó ń wọ páńpáàsì?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń wọ̀ ọ́, Dádì."

Mo dìde. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ẹni tó bí ọmọ yìí?"

"A mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin náà lẹ dìde yìí."

"Kò sí ọmọ tó ń gbọ́ràn bí ọmọ mi láti ibí dé Òṣòdì!"

Àǹtí ò bá mi jiyàn. Ó lọ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó pè é lórúkọ. Ọmọ ń wo bàtà ẹ̀. Àǹtí tún pè é. Ọmọ gbé ẹsẹ̀ kejì sókè, ó ń wo ìyẹn náà.

Mo ní, "Ohùn yín ló kéré, Àǹtí. Ọmọ panẹbítà ni, òòlù ti mọ́ ọn létí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é." Mo wá pe ọmọ mi bí mo ṣe ń pè é nílé.

Ọmọ mi yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kíláàsì tó wà lẹ́yìn ògiri dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, "Gúùdù mọ́níìn, sà!"

Àǹtí ní, "Dádì, irú ìyẹn, àwọn tó wà ní Bọ́ládé l'Óṣòdì náà gbọ́ ọ."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dé ikùn. Mo rántí pé ìyàwó mi ti ń kígbe mọ́ ọmọ yìí nílé, pé ó ti ya olóríkunkun, èèyàn á pè é títí kò ní yíjú. Mo rántí pé èmi gan-an ti ń lọgun bá a sọ̀rọ̀, n ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó bó ṣe ń mi ẹsẹ̀ lórí àga tó ga jù ú lọ. Kì í ṣe ti páńpáàsì mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé bóyá ọmọ mi ti dití.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

"Kí ni mo máa ń sọ fún ẹ ní géètì?"

Ó ní, "Gbogbo ohun tí àǹtí bá fún ẹ, fi sétí. Má jẹ́ kó jábọ́."

Mo wẹ̀yìn wo àwọn méjèèjì. "Ẹ gbọ́? Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀." Mo yíjú sí i padà. "Ṣé o máa ń fi sétí?"

"Mo fi sétí, Dádì. Kò jábọ́. Ìyókù ni ò wọlé."

"Ìyókù kí ni?"

Ó ti ọwọ́ bọ àpò yunifọ́ọ̀mù ẹ̀, ó kó ẹ̀wà olóyin díẹ̀ jáde, pẹ̀lú èérún bisikíìtì. Ó nà án sí mi. "Àǹtí fún mi."

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ̀wà tí mo fi ń kọ́ wọn ní wọ̀n, tú, tíríì!"

Ó fa fóònù yọ, ó tan iná ẹ̀ sí etí ọmọ náà. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Mo ń rí ẹ̀yìn ẹ̀." Màmá wò ó. Èmi náà wò ó. Ẹ̀wà yẹn jókòó sínú ibẹ̀ bí ayálégbé tó ti pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á yìí, ẹ sọ òótọ́: ọmọ mélòó lẹ mọ̀ tó ń gbọ́ràn sí bàbá ẹ̀ lẹ́nu tó báyìí?

Mo fa póláyà ẹlẹ́nu tín-ínrín, irin tí mo fi ń fa nǹkan, yọ lápò. N kì í rìn láìmú un dání. Mo ní, "Ẹ sún sẹ́yìn. Mo ti fa ohun tó le ju èyí yọ nínú ẹ́ńjìnì."

Àǹtí tí ò lágbára ohùn yẹn bọ́ sáàárín èmi àti ọmọ mi. "Dádì, ẹ ò ní fi nǹkan yẹn kan ọmọ yìí. Ẹ máa tì í wọlé sí i ni. Etí kì í ṣe mọ́dígáàdì ọkọ̀."

"Ó dáa, ẹ fún mi lómi, ká fi ṣàn án jáde."

Màmá ní, "Omi kẹ̀? Ẹ̀wà ni o, Dádì, á wú!"

"Òróró ńkọ́?"

"Ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?"

Ni a bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, èmi, ọmọ mi, àti àǹtí tó ní òun ò ní jẹ́ ká dá lọ. Bí ọmọ yẹn ṣe rí aṣọ funfun báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àǹtí gbé e lé itan, ó ń bá a ka bọ́tìnnì ara aṣọ ẹ̀, ó ń sọ ọ́ mọ́ ọn létí kejì tó ń gbọ́, tí ọmọ fi gbàgbé ẹ̀rù. Èmi ń bá wọn kà á nínú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Dókítà bèèrè pé, "Ta ló fi í síbẹ̀?"

Ọmọ mi nàka sí mi. "Dádì ní kí n fi í síbẹ̀."

Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wò mí. Ìyá kan pàtẹ́wọ́, ó ní, "Àgbàlagbà bàbá bí èyí!" Mo dìde, mo fẹnu ara mi ro ẹjọ́, láti ìwàásù géètì dé orí ẹ̀wà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé irin ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n di orí ọmọ mú. Mo dì í mú, orí yẹn ò mì, dókítà fúnra ẹ̀ yìn mí. Ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀wà jáde, ó ti wú bí ẹni tó jẹun yó. Dókítà yẹ etí wò, ó ní kò bàjẹ́. Mo ní òógùn ni mò ń nù lójú. Ooru mú lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo lọ dúró lójú fèrèsé kíláàsì wọn. Àǹtí wà lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, ó ń fi ohùn tín-ínrín ẹ̀ pe orúkọ. Ó dé orí ti ọmọ mi.

"Prẹ́sẹ́ǹtì, mà!"

Àǹtí wò mí lójú fèrèsé, ó wá pe ẹni tó kàn. Ọmọ mi tún ní, "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà!" Àǹtí ní, "Ìwọ kọ́, ọmọ mi." Ó ní, "Yẹ̀mà." Àǹtí pe ẹlòmíràn. "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà!" Ọmọkùnrin tó ni orúkọ fẹ́ẹ̀ sunkún.

Màmá kọjá lẹ́yìn mi. Kò dárúkọ àwọn kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná mọ́. Ó kàn ní, "Dádì, ẹ ò ní lọ síbi iṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kó dáhùn èyí tó kù tán."