Àpótí Wa Lórí Àpáta Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí l'Ọ̀kà Àkókó. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Físíìsì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì l'Àkùngbá. Olùkọ́ wa obìnrin kan ní iṣẹ́ àṣekágbá wa kò gbọdọ̀ parí sínú láàbù. Ohun yòówù tá a bá ṣe, ká gbé e lọ bá ará ìlú, ká ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wọn, kí wọ́n sì lò ó. Tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó, kò sí máàkì. Ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀? Àwọn ìyá Ọ̀kà ni yóò wá pinnu bóyá màá gboyè!

Èmi àti Fẹ́mi, ẹlẹgbẹ́ mi, kan àpótí tá a fi ń sá iṣu èlùbọ́. Páànù tá a kùn ní dúdú wà nísàlẹ̀, ọ̀rá funfun bo òkè. Oòrùn á wọlé, òjò àti ewúrẹ́ ò ní wọlé. Ọ̀kà la gbé e lọ, torí orí àpáta ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́ níbẹ̀. A kí baálé àdúgbò, ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwa fúnra wa wá ibi tó tẹ́jú tó sì ṣófo lórí àpáta, a gbé àpótí kalẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, wọ́n tiẹ̀ ṣàdúrà fún wa.

Ṣùgbọ́n wọn ò fi ègé iṣu kan síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tá a bá gun ọ̀kadà lọ, òfìfo la ń bá. Fẹ́mi ní àwọn àgbà ò fẹ́ nǹkan tuntun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá mi n'Ìkàrẹ́, tó ti ń múra ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi?

Lọ́jọ́ kan, mi ò ṣàlàyé mọ́. Mo jókòó ti Màmá Bọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, mò ń bá a tẹ́ iṣu rẹ̀ sóòrùn. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò fẹ́ àpótí wa.

Ẹnu yà á. "Ta ló ní a ò fẹ́ ẹ? Orí ibi ìsáṣu àwọn ẹlòmíràn lẹ gbé e lé."

Ó ṣàlàyé pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ lórí àpáta láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ẹni tó bá lọ sá iṣu síbi tó jẹ́ ti ìdílé mìíràn, ìjà ló ń wá. Torí pé àwọn tó ni ibẹ̀ ò tíì ti oko dé la ṣe bá ibẹ̀ lófìfo lọ́jọ́ tá a gbé àpótí dé. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa? Ó ní àlejò tó ń sọ̀rọ̀ tó báyẹn, ta ni yóò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín: "Àlejò lójú, kò fi ríran."

Ọjọ́ yẹn gan-an la gbé àpótí lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí gbogbo wọn jọ ni. Màmá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ kó iṣu sí i. Kò pẹ́, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀. Gbogbo àwọn ìyá sáré lọ kó èlùbọ́ lórí àpáta, Màmá Bọ́sẹ̀ káwọ́ gbera níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń du àpótí ni.

Nígbà tí olùkọ́ wa wá wò ó, àwọn ìyá ò jẹ́ kí n lanu. Màmá Bọ́sẹ̀ ló ṣàlàyé páànù dúdú àti ọ̀rá fún un, àfi bíi pé òun ló kàn án. Olùkọ́ kọjú sí mi, ó ní ṣé mo ní àfikún. Mo ní rárá, mà. Ó ní mo ti yege nìyẹn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí àwọn èèyàn ò bá gba nǹkan rẹ, kọ́kọ́ bèèrè ibi tó o gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ ti gbé tiyín kalẹ̀ rí tí ẹnikẹ́ni ò fi sún mọ́ ọn? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan.