Ẹni Tó Mọ Ọjọ́ Tí Wọ́n Bí Télọ̀

Ẹni ọdún mélòó ni Télọ̀? Ẹ bi ìwé ẹ̀, á ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ bi orúnkún ẹ̀ nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn, òun ló máa sọ òótọ́ fún yín: méjìdínláàádọ́rin. Ọdún méje ti sọ nù sáàárín ìwé àti ara, Télọ̀ fúnra ẹ̀ ló sì sọ wọ́n nù.

Èmi ni alágbàfọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé tó bá sín, èmi ni mò ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ni mò ń pè é, "ẹ̀yin" ni mo sì ń bá a sọ lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń "wọ́n" síbí, tí mò ń "wọ́n" sọ́hùn-ún, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ mọ́. Ẹ jẹ́ n pè é ní "ó" jàre, kó má bínú.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kan nílẹ̀ òkèèrè tí a wà yìí ló ń wá aránṣọ láti ilẹ̀ wa nígbà náà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún. Mẹ́rìndínlógójì ni Télọ̀. Ó gba kóòtù lọ nílé lọ́hùn-ún, ó búra pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lòun, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó parí. Kò sẹ́ni tó kà á sí irọ́. Ta ni ò ní ọjọ́ orí méjì láyé ìgbà yẹn? Wọ́n tiẹ̀ ń kí i kú oríire.

Ọdún márùn-ún ló lóun máa lò níbí. Ìyàwó ẹ̀ dúró dè é nílé fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó lọ fẹ́ ẹlòmíì, èmi ò sì lè dá obìnrin yẹn lẹ́bi. Wọn ò bímọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ náà kógbá sílé, Télọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ló bá di pé ó wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo ẹ̀ ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n báyìí.

Ẹ wá wo wàhálà. Àwọn ará ibí kì í ránṣọ, wọ́n ń rà á ni. Ọkùnrin tó lè fi ojú lásán wọn èèyàn, síìpù ló ń pààrọ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló ń gé. Lọ́dọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá bi í ní ìwé àṣẹ, tó bá sì mú èyí wá, wọ́n á ní òmíràn ló kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin kan gbé aṣọ wá pé kó fi rán kóòtù fún ọmọ òun, Télọ̀ rán an bí a ṣe ń rán an nílé, kí ọmọ lè dàgbà bá a. Ọwọ́ kóòtù bo gbogbo ìka ọmọ. Ìyá ọmọ dá a padà, ó bi í bóyá ó mọ téèpù lò. Télọ̀ ní ọmọ á ga, ọmọ á sanra, ọdún mẹ́ta gbáko ni yóò fi wọ̀ ọ́. Obìnrin náà ní ta ló fẹ́ wọ kóòtù kan fún ọdún mẹ́ta? Odidi oṣù kan ni Télọ̀ fi ń rò ó fún mi. "Alágbàfọ̀, ó ní ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́ta o!"

Ìdákẹ́jẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń bà mí nínú jẹ́ jù. Máṣìnnì á dún, á dákẹ́. Tó bá ti dákẹ́, mà á gbọ́ tí Télọ̀ ń bá ère tó fi ń gbé aṣọ kọ́ sọ̀rọ̀: "Dúró dáadáa, ìwọ náà!" Ìdúró ló ti ń jẹun, torí kò rí ìdí tí èèyàn kan ṣoṣo á fi tẹ́ tábìlì. Bàbá ẹ̀ kú lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ìyá ẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí fóònù ló ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan péré ló ṣẹ́ kù láyé tó mọ̀ ọ́n ní kékeré: ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni obìnrin náà ń pè é. Mà á gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ara ògiri, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara ẹ le?" Télọ̀ á sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje.

Òfin ìlú yìí ni pé ẹni tó bá ti pé márùndínláàádọ́rin, tó sì ti san owó orí ẹ̀ déédéé, ìjọba á máa fún un lówó ìfẹ̀yìntì níbi yòówù tó bá lọ máa gbé. Ara Télọ̀ ti kọjá ibẹ̀, ó ku ọdún mẹ́rin kí ìwé ẹ̀ tó débẹ̀. Tí wọ́n bá lè tún ọjọ́ orí ẹ̀ ṣe, á ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé. Ohun tó ń fẹ́ láyé ò ju ìyẹn lọ.

Ló bá lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn. Mo tẹ̀ lé e, torí èdè wọn yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu jù ú lọ. Akọ̀wé náà, obìnrin onígíláàsì kan, kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní kí Télọ̀ wá ẹlẹ́rìí kan tó ti gbọ́njú kí wọ́n tó bí i, kí ẹni náà fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọjọ́ orí Télọ̀, pé fóònù tó ń gbé ojú èèyàn yọ náà á ṣe é. Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ó mọ ọjọ́, ó mọ wákàtí, ó mọ ẹni tó gbẹ̀bí.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́," ni mo wí.

"Jẹ́ n parí gígé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ná. Ìgbà iṣẹ́ nìyí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n o!"

"Obìnrin ìdílé wa kì í tètè kú."

"Ta ló ń bá yín sọ ti ikú?"

Ó ní kí n má fi ẹnu mi ṣépè fóun. Inú bí mi débi pé mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi, mo sì jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà mi kan. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́ta. Mo rán an létí títí ó fi sú mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, fóònù ò dún. Nígbà tó dún lọ́jọ́ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló pè. "Bàbá Kékeré, ẹ má bínú. Màámi ti ń gbàgbé nǹkan. Lánàá, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí." Télọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró sáàárín àwọn aṣọ tí mo so kọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n á ṣì rántí mi?" Mo ní wọ́n á rántí. Kí ni mo mọ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akọ̀wé dá fún wa. Télọ̀ gẹrun, ó wọ kóòtù tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán. Wọ́n gbé fóònù ti ìdì fáìlì lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì yọ, ó mọ́ tónítóní, ọmọ ẹ̀ jókòó tì í. Akọ̀wé kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ. Ó béèrè, mo sì ń tú u sí èdè wa.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ mọ ẹni tó jókòó tì mí yìí?"

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wo Télọ̀ dáadáa. Ojú ẹ̀ là, ọkàn mi balẹ̀.

"Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ wọ́n? Bàbá mi nìyẹn."

Áà! Kò sẹ́ni tó sọ fún Télọ̀ rí pé ojú bàbá ẹ̀ ti gba ojú ẹ̀. Mo wò ó. Irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, kí n sọ pé ó ní àbúrò òun ni. Ta ló máa mọ̀ nínú yàrá yẹn? Télọ̀ mi orí. "Irọ́ ló gbé mi débí," ó ní. "Sọ ohun tí wọ́n sọ." Mo sọ ọ́.

Akọ̀wé ní kí n bi í pé ẹni ọdún mélòó ni ọkùnrin náà.

"Àádọ́rin," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. "Àádọ́rin ni wọ́n kí wọ́n tó kú."

Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ó dun òun, mo sì rí i pé ó dùn ún lóòótọ́. Ó kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí ò dá a mọ̀, pé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà, ó sì pa fáìlì dé. Ó parí nìyẹn.

Mo na ọwọ́ láti pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sún mọ́ ojú fóònù, omi ti gba ojú ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Èmi ni mo ní kó lọ ṣeré. Ó ti jáde láti àárọ̀, mo ti wá a títí, mi ò rí i."

Télọ̀ di ọwọ́ mi mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe obìnrin yẹn ní "ìwọ" rí.

"Mi ò ní nà án," ó ní. "Má sunkún mọ́."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Obìnrin náà nu ojú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, oòrùn mọ́lẹ̀ rekete lójú fèrèsé ẹ̀yìn ẹ̀.

"Ẹ ní kó máa bọ̀ nílé," ó ní. "Ilẹ̀ ti ṣú."

"Mà á sọ fún un," ni Télọ̀ wí.