Obìnrin Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn

Aṣọ ni mo ń lọ̀ ní ọ̀sán àná. Ọmọ ọmọ mi obìnrin dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, ó ń wo fíìmù lórí fóònù rẹ̀. Mo gbọ́ ẹkún láti inú fóònù náà, mo sì gbé ojú sókè. Ìyá kan ló wó lulẹ̀ lórí sàréè ọmọ rẹ̀, àwọn èèyàn yí i ká, orin sì ń dún lábẹ́ ẹkún rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi fi ìka kan ṣoṣo tì í, ibẹ̀ kọjá lọ. Ó ní, “Màmá, ibi ẹkún yìí ti gùn jù, jàre.” Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ tán lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, fún òun àti fún ẹ̀yin tí ẹ ó bá a kà á.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì kan ojú fèrèsé, Ìgándò kì í ṣe ibi tí ẹ mọ̀ lónìí. Oko àti igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn èèyàn láti Ọ̀yọ́, láti Ìbàdàn, láti Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa náà, ń wá ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ tipa tó ń kó yanrìn fún wọn. Ìyá mi máa ń fi òwú hun fìlà àti ẹ̀wù òtútù fún àwọn ọmọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò yá. Ẹ lè bá a jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ má gbọ́ ju “ẹ kú ìjókòó” lọ.

Bàbá kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adájọ́. Kò dé kóòtù rí o. Ẹnu ọ̀nà ilé sinimá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé. Bí gbogbo wọn bá ti wọlé tán, á dúró sẹ́yìn wọn, á máa wo fíìmù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó wá sí Ìgándò, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹjọ́ fíìmù.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ. Ìkòtún ni wọ́n ti máa ń fi fíìmù hàn ní ọ̀sán Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Kí inú gbọ̀ngàn lè ṣókùnkùn, wọ́n á fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì lẹ gbogbo fèrèsé pa, nítorí nígbà náà, kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí tí kò ní rí bébà sìmẹ́ǹtì. Ibi tó bá ya lára rẹ̀, oòrùn á gba ibẹ̀ wọlé bí okùn, eruku á sì máa fò nínú rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, tọmọdé tàgbà á kó ara wọn jọ síwájú ilé Adájọ́ láti gbọ́ ohun tó máa sọ. Bó bá ní fíìmù náà dára, gbọ̀ngàn á kún fọ́fọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bó bá ní kò dára, onífíìmù á ká aṣọ funfun tó ń fi fíìmù hàn lára rẹ̀, á wá ibòmíràn lọ.

Àwọn fíìmù àtijọ́, tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, ni Adájọ́ fẹ́ràn. Ó ní àwọn tó ṣe wọ́n ní sùúrù, wọ́n á jẹ́ kí ojú èèyàn pẹ́ níwájú ẹni títí tí a ó fi mọ ohun tó ń rò. Ó ní àwọn tuntun ń sáré bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Orin àwọn ará Íńdíà dùn mọ́ ọn, àmọ́ ó ní wọn kì í jẹ́ kí ìbànújẹ́ jókòó dáadáa kí wọ́n tó dìde jó. Ti àwọn ará Ṣáínà, ó ní ẹsẹ̀ wọn gbọ́n ju ojú wọn lọ. Èyí tó kórìíra jù ni ti àwọn òyìnbó elẹ́ṣin tí wọ́n máa ń yìnbọn. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo fíìmù: “Ta ló sunkún òkú?” Á ní, “Bí èèyàn bá ṣubú, tí ẹṣin fò ó kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ọmọ ta ni, àwòrán lásán lẹ lọ wò yẹn.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kápẹ́ńtà kan wà tó fẹ́ràn ìjà àwọn ará Ṣáínà bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Ó ní, “Bàbá, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ sìnkú ná kí wọ́n tó padà wá parí ìjà ni?”

Adájọ́ wò ó. “Ìwọ tó o fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ìyá ẹ já lọ́jọ́sí, ṣé o ti kàn án padà? Kápẹ́ńtà ṣá ni ẹ́.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, láìgbé ojú kúrò lára òwú.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ibà mú àbúrò mi ọkùnrin. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wé e, wọ́n gbé e gba ọ̀nà odò lọ nínú ẹrẹ̀. Bàbá mi kò tẹ̀ lé wọn, ìyá mi kò tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Àwọn tó lọ sin ín kò ní sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi wọ́n. Wọ́n gbà pé bí ìyá bá fi ojú kan ibẹ̀, ikú á tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sílé láti mú èyí tó kù. Èmi ni mo kù. Àwọn ìyá àgbà yí ìyá mi ká, wọ́n ní kó má sunkún, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó gbé ẹkún náà mì. Kò pẹ́ tó tún gbé òwú rẹ̀, ó ń hun fìlà ọmọ ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ àbúrò mi mọ́. Bí ẹnu mi bá ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn eléré kan tó ti ń ṣeré orí ìtàgé tẹ́lẹ̀ gbé fíìmù tiwọn wá sí Ìkòtún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó wà lára aṣọ funfun. Obìnrin kan ládùúgbò fa ìyá mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ dìde, ìjókòó yìí ti tó.” Èmi náà bá wọn lọ. Nínú fíìmù náà, ọmọ kú mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́. Ní ìdájí, obìnrin náà yọ́ jáde nílé, ó gba ojú ọ̀nà oko lọ, ó kọjá ìdí igi ńlá kan, ó sì kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Màmá kan níwájú wa fi ìborùn bo ojú, ó ń sọ pé, “Èèwọ̀, èèwọ̀.” Ìyá mi na ọrùn síwájú. Kò ṣẹ́jú.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìgándò, ìyá mi dárúkọ àbúrò mi. Ó ní, “Ọmọ yẹn ì bá ti máa gun ẹ̀yìn mi kiri lónìí.” Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí a fi délé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Adájọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. “Ọmọ wa ni wọ́n, èdè wa ni wọ́n sọ, ìyẹn dára. Àmọ́ wọn ò mọ àṣà. Ìyá wo ló ń lọ sójú oórì ọmọ ẹ̀? Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa. Ẹ má lọ wò ó mọ́.”

Bàbá mi ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa débẹ̀ mọ́ nílé tèmi.”

Mo mọ̀ pé bí onífíìmù bá ká aṣọ rẹ̀ lọ, ẹnu ìyá mi á tún padé. Àfi bí mo ṣe rí i tí ìyá mi gbé òwú sílẹ̀, tó sì kúnlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ká máa béèrè ẹni tó sunkún òkú. Obìnrin yẹn sunkún.”

“Ibi tí kò yẹ ló ti sunkún, ìyàwó wa.”

“Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń bojú wẹ̀yìn ni? Kó tó dé ìdí igi yẹn, ó bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó débẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí ò mọ àṣà kì í bojú wẹ̀yìn, Bàbá.”

Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Òótọ́ ni. Èmi náà rí i. Mo ṣá rò pé olè ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ fi ọwọ́ ra orí apá àga rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Èmi ò rí i. Bó ṣe yà sí ọ̀nà yẹn ni inú ti bí mi, ojú ìbínú ni mo fi wo ìyókù.” Ó wá kọjú sí bàbá mi. “Ọmọ mi, jẹ́ kí ìyàwó ẹ bá mi lọ ní Sátidé. Kó wá fi ohun tí mi ò rí hàn mí.”

Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo rò pé ó máa kọ̀ ni. Àmọ́ ó ní, “Ẹ mú ọmọ náà dání.”

Ní Sátidé yẹn, àyè pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Èmi ni mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí obìnrin náà dé ìdí igi, tó bojú wẹ̀yìn, Adájọ́ ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Nínú fíìmù, obìnrin náà ń fa koríko kúrò lórí ebè kékeré náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọwọ́ ìyá mi lórí ìró rẹ̀ tó ń fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ariwo. Adájọ́ kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá, iwájú ló ń wò.

Ní Sọ́ńdè, ẹjọ́ rẹ̀ kúrú. “Ẹ lọ wò ó. Àṣà wà nínú ẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wò.” Àwọn èèyàn lọ, gbọ̀ngàn sì kún. Nílé wa, orúkọ àbúrò mi di ohun tí a lè pè.

Adájọ́ ti lọ tipẹ́. Kò sí ẹni tó ń jókòó síwájú ilé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ fíìmù mọ́. Oníkálùkù ló di adájọ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nínú àwọn fíìmù òde òní, ìyá a máa ké lójú oórì ọmọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn. N kò sọ pé kò dára. Bóyá ó tiẹ̀ sàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìka kan ti tó láti fò ó kọjá. Ilé ti bo gbogbo ọ̀nà odò ìgbà náà. N kò mọ ìdí ààrò ta ni àbúrò mi sùn sí.

Ní ọdún tí ìyá mi máa kú, mo bi í léèrè bó ṣe jẹ́ pé òun ló rí ohun tí Adájọ́ kò rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè hun nǹkan mọ́. Ó ní, “Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo tọ ẹsẹ̀ àwọn tó gbé àbúrò ẹ lọ nínú ẹrẹ̀. Èmi náà bojú wẹ̀yìn. Bàbá ẹ ni mo rí tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ló bá yíjú sí igbó, bí ẹni tí kò rí mi.”