Ìkíni Mẹ́tàdínlógójì

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe èmi. Ìyá rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi, fi ìwé ìbéèrè kan nípa ọ́tísíìmù, ìyẹn kí ọpọlọ ènìyàn máa ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ láti ìgbà ìbí, ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwòsàn, ó ní kí n bá òun rántí bí ọmọ náà ṣe ń ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn. Nígbà tí mo fi máa dé ìbéèrè kẹsàn-án, mo rí i pé ara mi ni mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣé ariwo máa ń gún un létí? Ó ń gún mi. Ṣé ó máa ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú kan náà? Mo dìde nídìí ìwé náà, mo rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù, mo padà, mo tún lọ. Ọdún keje rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Láti ìgbà tí kò ti sí agogo tó ń dún fún mi mọ́ ni ẹsẹ̀ mi kò ti rí ibi sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbí, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tó ní ọ́tísíìmù kì í kí ènìyàn. Èmi ń kí ènìyàn dáadáa. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà ní agbo ilé wa, a kì í sì í fo ilẹ̀kùn kan láàárọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, mo gbàgbé yàrá ìyá àgbà kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, odindi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí ní agbéraga. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ nóòtù fún ìkíni, bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún kíláàsì: yàrá kìíní, béèrè orúnkún wọn, yàrá kejì, ọmọ wọn ti lọ sí Sókótó, yàrá kẹta, má sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí mo sì ń wo ilẹ̀, wọ́n á ní mo lẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò mọ̀ pé bí mo bá wojú wọn, gbogbo ohun tí mo há sórí ni yóò fò lọ.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí nínú ìwé ìbéèrè náà fún àbíkẹ́yìn mi, ó fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù, ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù, tí wọ́n ń fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ kàn wọlé, Màmi, kí ẹ jókòó," ló wí.

Ta ní ń wọlé onílé tó ń jókòó láìkí ẹnikẹ́ni? Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ni mo bá níbẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ bọ̀ kí n lè mọ ohun tí mo máa bi oníkálukú. Lẹ́yìn ìrun àyìlá lọ́sàn-án, mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí aránṣọ kan ní Yemetu kú iṣẹ́, mo béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Mo bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe dárò iná mànàmáná tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ẹni ìkẹyìn.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Alábòójútó ẹgbẹ́ nìkan ló kọ̀wé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ò sinmi láti ọ̀sán. Orí ń fọ́ mi."

Lágbo ilé wa, ẹni tí a kí tí kò jẹ́ wa, ìjà ló ń bá wa jà. Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló wá ń bá mi jà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó ilé kan tó ń fọṣọ lágbàlá gbójú sókè.

"Ìyá Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rin dé Mẹ́kà ni? Ẹ̀ẹ̀kejìlá rèé o!"

"Ẹ̀ẹ̀kẹtàlá ni."

"Yéè, wọ́n tún ń kà á! Ẹ rọra, kí sìmẹ́ńtì wa má fọ́."

Mo pe ọmọ mi. "Wá yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n kórìíra mi."

"Màmi, ẹ ò tíì lò ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí ẹ kí wọn tán."

"Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ láti Ọ̀rányàn.

Kò tíì dé tí ọ̀rọ̀ aránṣọ fi wọlé. "Mo rí ìkíni yín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá èsì tó bá a mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí." Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e: "Èmi náà ṣì ń wá èsì." Ẹlòmíràn tún kọ ọ́. Gbogbo wọn, níbi tí oníkálukú wà, ló ti ń làágùn lórí ìkíni mi.

Alábòójútó wá kọ àlàyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù: "Màmá, a kì í kí ara wa níbí, torí ó ń gba gbogbo okun wa. Ohun tí ẹ bá wá sọ ni kí ẹ sọ."

Kí ni mo wá sọ? Láti ogójì ọdún, ìkíni ni mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀. N kò múra ohun tó kàn sílẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ báyìí: "Mò ń rìn kiri. Mi ò lè jókòó." Ọwọ́ mi fẹ́ padà lọ fi "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" ṣáájú rẹ̀. Mo mú un kúrò níbẹ̀.

"Ìṣísẹ̀ mélòó?" ni aránṣọ béèrè.

"Mẹ́tàlélógún." N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo ń ka ìṣísẹ̀.

"Tèmi jẹ́ mọ́kànlá. Ṣọ́ọ̀bù mi kéré."

Ọmọ mi wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó na ọwọ́. "Ẹ mú fóònù wá, Màmi, kí n yọ yín."

Mo di fóònù mọ́ àyà. "Dúró ná. Ẹnì kan ń kọ̀wé lọ́wọ́."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ní bí mo bá dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣé apá ọ̀tún ni mo máa ń gbà yí padà ni, àbí apá òsì."

Ó sọ ọwọ́ tó nà kalẹ̀. "Apá wo ni?"

N kò mọ̀. Mo fi bàtà mi sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, mo sì lọ rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò ó.